Ẹ Kó Wọn Síta Kí Ẹ Sinmi: Ìlànà fún Ẹni Tí Kò Fẹ́ Gbọ́ Ìmọ̀ràn

Ọ̀gá mi, páálí òròmọdìyẹ tí ẹ rà ti di wàhálà. Àádọ́ta ló wà níbẹ̀, ẹni tó tà á sì fi èènì méjì sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, gbogbo ilé ló ń yọjú sí wọn, àwọn ọmọ ń fún wọn lórúkọ. Ní báyìí tí wọ́n ti lo ọ̀sẹ̀ méjì, kò sẹ́ni tó rántí orúkọ kankan mọ́. Òórùn wọn ti kúrò ní yàrá àlejò, ó ti dé pálọ̀. Ariwo wọn kì í jẹ́ kí ẹ gbọ́ ìròyìn alẹ́. Ìyàwó yín kì í pè yín ní Dádì mọ́, Bàbá Adìyẹ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ tó háyà yàrá ẹ̀yìn lọ́wọ́ yín ní Àgọ́-Ìwòyè sì ti ń béèrè bóyá ẹ máa dá owó òun padà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kó wọn lọ sí àgò ìta. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n yè ní ibi tó ti lè béèrè: dókítà ẹranko wà, òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba wà, ìyá àgbà tó ti ń sin adìyẹ kí wọ́n tó bí yín náà wà. Ìlànà tèmi yìí kò kàn wọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ gbogbo rẹ̀ tán, láti Òrù dé Awà, láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Àbìgì, ẹ̀yin ni mo kọ ọ́ fún. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ fi sọ́kàn: kì í ṣe adìyẹ là ń wá ìrọ̀rùn fún, ẹ̀yin ni.

Ọjọ́ la kọ́kọ́ máa mú. Ọlọ́gbọ́n á wo ìyẹ́. Á gbé òròmọdìyẹ kan lọ́wọ́, á yẹ abẹ́ apá rẹ̀, á yẹ àyà rẹ̀, bóyá ìyẹ́ gidi ti hù síbi tí irun wẹ́wẹ́ wà tẹ́lẹ̀. Irun wẹ́wẹ́ yẹn kò lè di ooru mú. Ẹyẹ tí kò bá tíì ní jù ú lọ, ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ máa mú un móoru. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ooru tó tó ìwọ̀n 32 sí 35 Celsius ló ń fẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, a máa ń dín in kù ní nǹkan bí ìwọ̀n 3 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi di nǹkan bí 21. Ẹni tó bá ka ìka rẹ̀ á rí i pé ó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún tàbí ìkẹfà kó tó débẹ̀.

Ẹ má da ara yín láàmú. Kàlẹ́ńdà tiyín wà lójú ìyàwó yín: ọjọ́ tó bá fọn imú lẹ́ẹ̀mẹta kó tó bu ọbẹ̀ fún yín, ọjọ́ náà ti pé. Àpò èédú náà wà níbẹ̀ tí ẹ lè fi mọ̀ ọ́n. Bí èédú bá ti tán, adìyẹ ti dàgbà nìyẹn. Bí kẹrosíìnì bá tún gbówó lórí, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kún ọjọ́ orí wọn.

Ẹnìkan á fẹ́ já yín láyà pé òtútù á mú wọn. Ẹ dá a lóhùn pé ilẹ̀ wa gbóná, ta ní ń dáná fún adìyẹ ní Ìjẹ̀bú? Òótọ́ sì ni, ní aago méjì ọ̀sán. Ní aago mẹ́rin ìdájí, nígbà tí ọyẹ́ bá ti gba inú oko kòkó wọ ìlú, ẹ̀yin ti sùn, ẹ ti fa aṣọ ìbora bo orí, kò sí bí ẹ ṣe máa mọ̀.

Àgbébọ̀ ìbílẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná ìyá yín, ó mọ̀. Alaalẹ́ ló ń na apá, tí àwọn ọmọ ń wọ abẹ́ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan ń gun orí òmíràn. Nígbà tó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ṣá wọn sẹ́yìn, kò ní fẹ́ rí wọn nítòsí mọ́. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n tó ẹni tó ń dá sùn. Ẹ má lọ wò ó o. Adìyẹ ni, ẹ̀yin lẹ ní fóònù.

Àwọn tó ń ta adìyẹ Noiler pàápàá ń fi ọ̀rọ̀ ooru yìí fa ọjọ́ gùn. Ilé iṣẹ́ Amo, tó ní ilé ìpa-ẹyin ní Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́, ló mú irú adìyẹ yẹn jáde, ètò kan sì wà tí àwọn kan máa ń gba òròmọ ọjọ́ kan, tí wọ́n á tọ́ wọn nínú ooru fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí wọ́n á fún wọn ní àjẹsára, kí wọ́n tó tà wọ́n fún àwọn obìnrin abúlé tó máa dà wọ́n sẹ́yìnkùlé. Ẹ rò ó wò: odindi ilé iṣẹ́ ń náwó kí òròmọ má bàa tètè jáde. Bí ó bá sì jẹ́ FUNAAB Alpha lẹ rà, èyí tí Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta fi adìyẹ ìbílẹ̀ mú jáde, ẹ ti rí àwáwí tó dára jù nìyẹn. Ọmọ ìbílẹ̀ ni, ara rẹ̀ á gbà á. Pé ọmọ ìbílẹ̀ ní ìyá tó ń na apá bò ó, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dí yín lọ́wọ́.

Ó kan ibi tí àgò máa wà. Ojú kan náà tí ẹ fi gbé mọ́tò yín síta ni kí ẹ fi gbé e: iwájú ilé, kí gbogbo ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Ìbàdàn tó gba Mámù àti Awà wá sí Òrù lè mọ̀ pé ẹ ti di alágbẹ̀. Bí ẹ kò bá sí lójú ọ̀nà, ẹ gbé e sábẹ́ igi máńgòrò. Àwòdì nílò ibi tí yóò máa bà sí kó tó pinnu. Ọlọ́gbọ́n a máa wá ilẹ̀ gíga, a máa na ẹ̀gbẹ́ gígùn àgò láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn kí oòrùn má bàa máa wọlé gbọọrọ, a sì máa fi wáyà sí òkè ògiri kí atẹ́gùn lè gbé òórùn ìgbẹ́ jáde. Ẹ̀yin ẹ fi tapólì dí i pátápátá. Òórùn ìgbẹ́ tó ń ta ojú ni, á mú wọn ronú.

Fún àwọn ará wa ní Ogun Wọ́tásáìdì, ọ̀nà ti là. Níbi tí omi ti máa ń yọ láti abẹ́ ilẹ̀ nígbà òjò ni kí ẹ gbé àgò sí. Kòkòrò kan wà tí ojú lásán kò lè rí, tó ń fa àrùn tí àwọn oníṣègùn ẹranko ń pè ní coccidiosis; inú ìtẹ́ tó rin, tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ti ń gbilẹ̀, òròmọ tó wà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà ló sì fẹ́ràn jù. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ wọn, ata ni wọ́n jẹ. Oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún wọn wà ní ṣọ́ọ̀bù oníṣègùn ẹranko, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù ìyẹn náà wà lọ́nà ibi tí ẹ ti ń mu ẹmu, ẹ lè gbàgbé.

Ìtẹ́ ńkọ́? Ibí yìí ni inú mi ti máa ń dùn sí ìlú wa. Kò sí adúgbò ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ì báà jẹ́ Òkè-Ṣópìn, Òjòwò, Atíkòrí, Òkè-Àgbò tàbí Jàpárá, tí wọn kò mọ ilé ìlagi. Pákó pọ̀. Èyí tí ẹ̀rọ bá fá jáde pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ lára pákó ló dára fún adìyẹ, ó ń fa omi, ó sì ń gbẹ. Lẹ́búlẹ́bú tó ń kù lábẹ́ ayùn kò rí bẹ́ẹ̀. Òròmọ máa ń rò ó sí oúnjẹ, wọ́n á jẹ ẹ́ títí ọ̀nà ọ̀fun á fi dí, tó kù á sì máa fẹ́ wọ̀ wọ́n nímú. Lẹ́búlẹ́bú ni kí ẹ kó. Ó fẹ́lẹ́ lójú.

Bí àánú bá ṣe yín lójijì lálẹ́, tí ẹ rántí ooru, ẹ gbé ìkòkò èédú tó ń jó sínú àgò onípákó, lórí lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ, kí ẹ ti ilẹ̀kùn. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nípa ààyè, àwọn tó mọ̀ ọ́n a máa fún ẹyẹ mẹ́wàá tó ń bàlágà ní mítà kan níbùú, mítà kan lóòró. Àádọ́ta á nílò ìlọ́po márùn-ún ìyẹn. Ẹ̀yin ní fíríìsà tó ti bàjẹ́ lẹ́yìn ilé. Ẹ yọ ìdérí rẹ̀, ẹ ta wáyà sí i.

Wáyà yìí ló gba ọgbọ́n jù, nítorí kò sí ohun tó ń gbé igbó agbègbè wa tí kò mọ adùn òròmọdìyẹ. Àwọn igbó ọba tó yí wa ká ṣì ní erin nínú, ní apá ibi tí wọ́n ń pè ní J4. Ẹ kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé ẹranko kékeré tán nínú wọn. Ẹ ra wáyà adìyẹ oníhò ńlá, èyí tó kéré jù lówó. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é ni kí adìyẹ má bàa jáde, ó sì ń ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa. Àwọn tó fẹ́ wọlé ni kò tíì gbọ́. Ejò á gba inú ihò rẹ̀ wọlé láìjẹun, á gbé òròmọ méjì mì, ikùn rẹ̀ kò ní jẹ́ kó lè gba ibi tó gbà wọlé jáde mọ́, ẹ óò sì bá a níbẹ̀ láàárọ̀, ẹ óò pariwo, gbogbo ilé á jí. Èkúté kò nílò láti wọlé rárá. Á dúró síta, á mú ẹsẹ̀ òròmọ tó sùn ti wáyà, á fà á. Ẹtà ń bọ̀ lóru. Awọ́nríwọ́n ń bọ̀ lọ́sàn-án. Ológbò aládùúgbò ń bọ̀ nígbà tó bá wù ú, kò sì sí ilé ẹjọ́ tí ẹ lè pè é sí.

Àwọn kan máa ń ra wáyà oníhò tín-ínrín, wọ́n á rì í mọ́ ilẹ̀ yíká kí ohunkóhun má bàa walẹ̀ wọlé, wọ́n á sì fi wáyà bo òkè pẹ̀lú. Owó ńlá ni. Ẹ fi owó yẹn ra àwọ̀. Ṣé ẹ rántí àwọn òròmọ tí wọ́n máa ń kùn ní àwọ̀ pupa àti àwọ̀ elésèé àlùkò nígbà tí a wà ní kékeré, pé kí àwòdì má bàa dá wọn mọ̀? Ẹ kùn wọ́n. Èyí tí àwòdì bá ṣì gbé lọ, ó kéré tán ó rẹwà.

Ìjàlọ nìkan ló kù. Ó máa ń yọ nígbà òjò, ìlà rẹ̀ á gùn láti ẹsẹ̀ igi kan dé òmíràn, ohun tó bá sì há sínú àgò kò ní ibi tó máa sá gbà. Ìyá àgbà ilé kejì á rí yín níbi tí ẹ ti ń kan ìṣó, á sì dúró.

"Bàbá Wálé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ó da eérú yí ẹsẹ̀ àgò yẹn ká? Ìjàlọ gba ẹ̀yìnkùlé mi kọjá lánàá."

"Ẹ ṣé, mà. Ẹ̀jẹ̀ Jésù ti yí i ká."

"Àmín o. Ẹ ṣì da eérú sí i."

Ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ máa kan ìṣó lọ. Àwọn àgbà ní à ń gba òròmọdìyẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kí òun lọ ààtàn lọ jẹ̀. Wọn kò sọ ti òròmọdìyẹ tó ń sunkún nílé, tí ẹni tó ni ín gbé e lọ sí ààtàn fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ ìkólọ wá pé. Ẹ yan oṣù kẹrin, nígbà tí ìjì àkọ́rọ̀ máa ń ti ìlà oòrùn dé, tó ń ṣí páànù. Kí ẹ rí i pé ilẹ̀kùn àgò kọjú sí ìlà oòrùn. Ẹ má kó wọn láàárọ̀ kùtù, nígbà tí ilẹ̀ tutù tí ẹ óò sì ní odindi ọjọ́ láti máa wò wọ́n. Ẹ dúró dìgbà tí òjò bá ṣú dẹ̀dẹ̀, kí iṣẹ́ yẹn lè yá. Àpò oúnjẹ wọn tó ti ṣófo ni kí ẹ kó wọn sí, gbogbo wọn lápapọ̀, kí ẹ so ó lẹ́nu. Bí ó bá yẹ kí ẹ fi ọ̀kadà gbé wọn lọ sí oko, ẹ jókòó lé e díẹ̀ kó má bàa já bọ́.

Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ ṣe gbogbo ìyókù. Ẹ yí oúnjẹ wọn padà lójijì láti stata, oúnjẹ òròmọ, sí èyí tó rọ̀ jù lówó, láìpò ó mọ́ ti tẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ fún wọn ní àjẹsára pẹ̀lú, nítorí ẹyẹ tí àárẹ̀ ti mú kò ní lè bá yín jà. Àrùn Newcastle kì í ṣe àlejò nílẹ̀ yìí, wọ́n ti rí i ní Ìbàdàn láti nǹkan bí ọdún 1952, ìgbà ọyẹ́ ló sì máa ń le jù. Ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹranko ní Vom, lápá Jos, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe àjẹsára rẹ̀. Àjẹsára abẹ̀mí ni, inú yìnyín ló gbọ́dọ̀ wà títí di ìgbà tí a bá pò ó. Ẹ rà á ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ki í bọ àpò ṣòkòtò, ẹ yà kí ọ̀rẹ́ yín ní Àgọ́-Ìwòyè, ẹ jẹ ẹ̀bà, kí ẹ wá pò ó mọ́ omi ẹ̀rọ tí wọ́n da kẹ́míkà apakòkòrò sí. Nígbà tí wọ́n bá ń kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ẹ fún wọn ní àjẹsára.

Ẹ má gbàgbé láti ṣílẹ̀kùn fún àwọn adìyẹ ìbílẹ̀ àdúgbò kí wọ́n wá kí àwọn àlejò. Pẹ́pẹ́yẹ náà lè wá. Nígbà tí àrùn lúkúlúkú àwọn ẹyẹ tí gbogbo ayé ń sá fún wọ Áfíríkà ní 2006, Nàìjíríà ló ti kọ́kọ́ yọ. Orílẹ̀-èdè tó ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ máa ti ẹyẹ mọ́lé.

Omi wọn, ẹ fi bàsíà ìfọṣọ bù ú. Àwọn ojo máa ń lo ọpọ́n tí kò jìn, wọ́n á tún kó òkúta sínú rẹ̀ kí òròmọ má bàa kó sómi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ ìwẹ̀.

Alẹ́ àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ yín máa parí. Òròmọ tó bá dé ibi àjèjì, tí ilẹ̀ bá ṣú, tí òtútù bá mú un, igun ni yóò sá lọ. Gbogbo wọn á sá lọ sí igun kan náà, ti ẹ̀yìn á gun ti iwájú, èyí tó wà nísàlẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ fà. Nítorí ìyẹn ni àwọn kan ṣe máa ń fi páálí ká igun àgò kó lè rí róbótó, tí wọ́n ń tan iná kékeré sílẹ̀ fún alẹ́ mélòó kan, tí wọ́n tún ń dìde lọ yọjú ní ọ̀gànjọ́. Ẹ̀yin ẹ wọlé, ẹ jókòó sí pálọ̀ tí òórùn ti kúrò níbẹ̀, ẹ gbọ́ ìròyìn yín. Ìyàwó yín á gbé oúnjẹ wá. Á pè yín ní Dádì.

Ní àárọ̀, ẹ kà wọ́n. Ó lè jẹ́ mẹ́tàdínlógún, ó lè jẹ́ mẹ́sàn-án. Ó dá lórí bí ẹ ṣe tẹ̀lé ìlànà yìí tó. Ẹ má wo wáyà. Ẹ má wo igun. Ẹ má wo àpò tí ẹ fi kó wọn. Ẹ wo ojú ìyá àgbà ilé kejì. Òun ló sọ̀rọ̀ ìjàlọ, àbí? Ta ló sọ fún un? Kí ló dé tó jẹ́ adìyẹ yín ló ń wò? Ẹ pe wòlíì, kí ó wá fi òróró sí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àgò, kí ẹ sì fún un ní méjì nínú èyí tó kù. Ìyá àgbà á gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ nípa òun ládùúgbò. Lọ́jọ́ tí ìjàlọ bá tún yọ, kò ní sọ nǹkan kan, ẹ óò sì rí i pé àdúrà náà ti ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ẹni tó ń ta òròmọ láago, kó kọ orúkọ yín sílẹ̀ fún páálí mìíràn. Á bi yín bóyá ẹ ní ibi tí ẹ máa kó wọn sí. Ẹ dá a lóhùn pé kò sí ìṣòro: àgò ti wà nílẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.